Gìtá Àtijọ́ Tí Ó Tún Fọhùn

Ọ̀rọ̀ gìtá oníná kan ni mo gbé wá fún yín lónìí, gìtá tí ó ti gbó, tí ó sì ti yadi fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti bí a ṣe tún wáyà inú rẹ̀ so tí ó fi fọhùn padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun kì í ṣe olórin, kí ó sì máa tòògbé. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ nílé, tàbí rédíò bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ní ìsinmi Kérésìmesì kan, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìràwọ̀, ní Òkè-Ògùn. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan. Wọ́n a máa lọ ṣeré níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, láti Ìràwọ̀ dé Tedé, dé Ṣakí, dé Ìsẹ́yìn. Nísinsìnyí ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé.

Bí mo ti wọ àgbàlá, mo bá ọkùnrin kan tí ń ra irin àlòkù kiri. Ó ti to ìkòkò lílu, páànù orí ilé àti bátìrì ọkọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, gìtá Bàbá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀, ó ní, “Igi ló pọ̀ lára rẹ̀. Bàbà tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan.” Owó tí ó dá lé e kò ju owó iṣu mẹ́ta lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá tán, mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?”

Ó ní, “Tíṣà, kí ni kí n fi í ṣe? Òkú kì í bá alààyè gbé inú ilé. Láti ọjọ́ tó ti yadi ni mo ti gbé e sórí àjà. N kò fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ṣeré mọ́.”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní àyè títí ìsinmi yóò fi parí. Oníirin náà ní òun yóò padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun. Bàbá ní, “Ó dára. Bí kò bá fọhùn kí ó tó dé, yóò máa gbé e lọ.” Báyìí ni a ṣe fi ọjọ́ lé iṣẹ́ náà.

Kí n tó sọ bí mo ṣe tú u, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ni iná ń wá nínú gìtá?

Gìtá onígi lásán, ohùn rẹ̀ kéré. Nínú yàrá, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ìlù ti ń dún, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń mì, tí àwọn ènìyàn ń jó, tí wọ́n sì ń pariwo, ta ni yóò gbọ́ ọ? Ní Amẹ́ríkà, George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker ti bẹ̀rẹ̀ sí ta gìtá oníná ní ọdún 1932. Ní ilẹ̀ wa, Àyìndé Bákàrè ni a mọ̀ sí olórí ẹgbẹ́ jùjú tí ó kọ́kọ́ fi iná sí gìtá. Ó ti ń ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù láti ọdún 1937, ṣùgbọ́n ní 1949 ni ó lẹ ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gbọ́ ohùn mọ́ ara igi gìtá rẹ̀. Ohun èlò olókùn mẹ́rin tí ó ń ta tẹ́lẹ̀ kò ní àyè tí ẹ̀rọ náà lè lẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni ó ṣe yí padà sí gìtá. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ kékeré ni ó yí ọwọ́ olórin padà!

Ohun tí ó tẹ̀lé e tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí gìtá ti lè ké tí ìlù kò sì bò ó mọ́lẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ fún gángan àti àwọn ìlù mìíràn láti wọ inú jùjú. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí di mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. I. K. Dairo, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Ebenezer Obey, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Àti King Sunny Adé, ẹni tí ó gbé jùjú dé òkè òkun. Ojú ọ̀nà yẹn ni gbogbo wọn tọ̀. Gìtá tí oníirin fẹ́ fi owó iṣu mẹ́ta rà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tọ ọ̀nà náà dé Òkè-Ògùn ni.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1831, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Michael Faraday, fi hàn pé bí agbára òòfà bá ń yí padà lẹ́bàá wáyà tí a ká jọ, iná mànàmáná yóò sàn nínú wáyà náà. Lábẹ́ okùn gìtá oníná, ẹ ó rí ohun pẹlẹbẹ kan tí àwọn onígìtá ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Òòfà ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ká wáyà bàbà mọ́ ọn lára, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ká òwú mọ́ igi ìrànwú fún àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Wáyà náà tín-ín-rín ju irun orí lọ. Nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 mìlímítà ni ó fẹ̀, wọ́n sì lè ká a ní ìgbà ẹgbẹ̀rún 5 sí ẹgbẹ̀rún 10. Bí ẹ bá ta okùn irin tí ó wà lókè rẹ̀, okùn náà yóò máa gbọ̀n. Okùn karùn-ún, bí a bá yí i dé ibi tí ó yẹ, ń gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ti ń gbọ̀n ni ó ń mi agbára òòfà, iná kékeré sì ń sàn nínú wáyà ní ìgbà 110 bákan náà. Iná yẹn ni ó ń gba inú wáyà lọ sí áńpílífáyà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá.

Nítorí náà ni okùn ìpẹja onírọ́bà kò ṣe lè dún nínú gìtá oníná bí ẹ tilẹ̀ ta á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òòfà kò mọ̀ ọ́n. Irin ni òòfà mọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìràwọ̀, kí a sì tú u.

Ohun kìíní: ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fi irin kàn án. Orí àjà tí Bàbá gbé e sí wà lókè ààrò, èéfín sì ti sọ ọ́ di dúdú. Ṣùgbọ́n èéfín yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí ikán àti kòkòrò jẹ igi rẹ̀. Mo kọ́kọ́ dẹ àwọn okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, n kò gé wọn lójijì. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gìtá, bí wọ́n bá le dé ìwọ̀n, ń fa ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó lé ní kílógíráàmù 40, ó súnmọ́ àpò sìmẹ́ńtì kan. Bí ẹ bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà lọ́rùn igi tí ó ti gbó, ẹ lè ṣe é ní jàǹbá.

Ohun kejì ni mo fẹ́ kí ẹ di mú jù lọ: ẹ yàwòrán kí ẹ tó gé wáyà. Ẹ̀bi tèmi ni mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí wáyà márùn-ún tí wọ́n so mọ́ ibi mélòó kan. Ìwàǹwára mú mi. Mo ní ṣebí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní kọ́lẹ́jì, mo sì gé gbogbo wọn kí n lè fọ inú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ dá wọn padà, mo rí i pé èéfín ti sọ àwọ̀ gbogbo wọn di ọ̀kan. N kò mọ èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ òòfà wá mọ́, n kò mọ èyí tí ó ń lọ sí ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ohun tí ìwé pélébé kan àti pẹ́ńsù ìbá fi hàn mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Tíṣà tí ń sọ fún ọmọ pé kí ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà kò kọ ọ́ sílẹ̀!

Ohun kẹta: ẹ wá àrùn náà kí ẹ tó wá oògùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí gìtá bá ti yadi, wọn a ní òòfà rẹ̀ ti kú, wọn a sì kó gbogbo inú rẹ̀ dànù. Òòfà kì í yára kú bẹ́ẹ̀. Nínú ihò tí a ń ki wáyà áńpílífáyà bọ̀, ilé amọ̀ agbọ́n ni mo bá, ó kún dẹ́nu. Mo fi igi tín-ín-rín kó o jáde, mo sì fi ọtí ìfọgbẹ́ nu ìpẹtà ara irin ibẹ̀. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì fọ́líùmù tí ó sì ń ha bí ẹni ń fi yanrìn fọ ìkòkò, eruku ni ó sábà wà nínú rẹ̀. Ẹ fín oògùn ìfọ̀ tí àwọn alátúnṣe rédíò ń lò sí i, kí ẹ sì yí i lọ yí i bọ̀ ní ogún ìgbà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi mítà wọn píkọ́ọ̀pù. Bí ó bá sàn, nọ́ńbà tí mítà yóò mú wá sábà máa ń wà láàrin ẹgbẹ̀rún 5 sí ẹgbẹ̀rún 10 óòmù. Gìtá Bàbá ní píkọ́ọ̀pù méjì. Èkíní mú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 6 wá. Èkejì kò mú ohunkóhun wá. Èyí já sí pé wáyà ti já níbì kan. Mo gbé e súnmọ́ ojú fèrèsé, mo fi gíláàsì asọnǹkandi-ńlá wò ó, mo sì rí i: ibi tí wáyà tín-ín-rín ti pàdé wáyà ńlá ni ó ti já, ibì kan ṣoṣo, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn mi. Wáyà tí wọ́n ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà wà pípé. Oríkèé kan ṣoṣo ni ó yẹ̀.

Ohun kẹrin ni síso ó padà. Wáyà tín-ín-rín náà ní ọ̀dà lára. Ẹ fi bébà tí àwọn káfíńtà fi ń dán igi ra á jẹ́jẹ́ ní ìdí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjé kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí iná ní ọjọ́ náà, nítorí náà mo fi irin mi sínú ẹ̀yinná èédú, gẹ́gẹ́ bí àwọn alátúnṣe rédíò ayé àtijọ́ ṣe ń ṣe. Òjé tí a pò mọ́ tánńganran ni mo lò, irú èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ rédíò, tí ó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 190 ti ooru. Ẹ má ṣe fi ásíìdì àwọn tí ń jó páànù ṣe iṣẹ́ yìí. Yóò jẹ wáyà náà kí ọdún tó yípo. Ẹ jẹ́ kí irin gbóná dé ibi tí ẹ fẹ́ so, kí ẹ sì fi òjé kan ibẹ̀, kì í ṣe kí ẹ kán òjé lé e bí abẹ́là. Bí ó bá dára, yóò máa dán. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe fa èéfín rẹ̀ símú, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, nítorí májèlé ni òjé nínú ara ènìyàn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kàpásítọ̀. Bí asẹ́ ni ó rí. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì kejì, ohùn tí ó mú yóò gba inú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀, ohùn tí ó rinlẹ̀ yóò sì kù. Ẹ ó rí nọ́ńbà bí 0.022 tàbí 0.047 lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ti àtijọ́ bá sàn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ ra irú rẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ yọ pamọ́ sínú àpò kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí ọ̀dà ara gìtá. Ẹ má ṣe kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ibi tí ọwọ́ olówó rẹ̀ ti fi pa á ní ogún ọdún, ìtàn ni. Ẹni tí ó bá kùn ún ti pa ìtàn náà rẹ́.

Wáyà ìkẹyìn ni wáyà ilẹ̀, èyí tí ó so irin ìdí àwọn okùn mọ́ ìdí iṣẹ́ náà. Bí wáyà yìí bá já, gìtá yóò máa kùn bí ilé oyin nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ta á.

Ọyẹ́ Òkè-Ògùn náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ẹ mọ̀ bí ilẹ̀kùn ṣe ń súnkì ní àkókò ọyẹ́, tí igbá sì ń là. Ọrùn gìtá kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi okùn tuntun sí i, ẹ fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti orí dé ìdí, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó. Bí ó bá ní irin ìtọ́ nínú ọrùn, tí ọrùn náà sì tẹ̀, ẹ má ṣe yí irin náà ju ìdámẹ́rin ìyípo kan lọ lójúmọ́. Ẹni tí ó bá kánjú ni yóò gbọ́ ọ tí yóò ró pà!

Nísinsìnyí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọdé pa gbogbo ariwo. Iná inú gìtá fúnra rẹ̀ kò lè pa ènìyàn; kì í sábà tó fólítì kan. Áńpílífáyà ni ẹ ní láti bẹ̀rù. Iná fólítì 230 ni ó ń wọ inú rẹ̀ láti ara ògiri, inú àwọn ti àtijọ́ tí ó ní gíláàsì sì máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, iná gbé onígìtá kan tí a ń pè ní Les Harvey lórí pèpéle níwájú àwọn ènìyàn, nígbà tí ó fọwọ́ kan gbohùngbohùn tí wọn kò so wáyà ilẹ̀ mọ́. Ó kú. Nítorí náà, mo gbé áńpílífáyà Bàbá fún ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ iná. Èmi kò ṣí i. Ohun tí a kò mọ̀, kì í ṣe ìtìjú láti gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún kù sí ọ̀la, mo yá áńpílífáyà kékeré oníbátìrì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ti yí mi ká. Mo ta okùn kan, ó sì dún. Ìyàwó Bàbá jáde láti ibi ààrò pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, kò sọ ohunkóhun.

Mo ta ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó dorí kodò. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Tíṣà, okùn kejì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Gbé e wá.”

Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Kò nílò ojú láti rí èèkàn rẹ̀. Ó yí i díẹ̀, ó ta á, ó tún yí i, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n.” Ìka rẹ̀ ti le, ibi tí ó sì fẹ́ yára dé, kò lè yára débẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó mú jáde lára gìtá yẹn, èmi tí mo tún un ṣe kò lè mú un jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, oníirin padà dé. Bàbá ní kí wọ́n gbé àpótí fún un, kí ó jókòó, kí ó sì gbọ́. Ó gbọ́ títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ra páànù lílu méjì lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ìyẹn ni mo ní láti sọ. Fatai Rolling Dollar, onígìtá tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1957, dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ogbó ó tún bọ́ sórí pèpéle, ó sì ń kọrin títí ó fi lé ní ọmọ 80 ọdún, kí ó tó kú ní 2013. Ohun tí ó bá yadi kò tíì kú. Bóyá oríkèé kan ṣoṣo ni ó yẹ̀. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ẹ yàwòrán inú rẹ̀, ẹ wá ibi tí ó ti já. Kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ẹni tí ó ni ín ṣì wà láàyè tí yóò lè sọ fún yín pé okùn kejì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀.